Ohùn Ọkùnrin Nínú Oko Obì Ìyá Mi

Ohùn ọkùnrin kan máa ń dún nínú oko obì wa lọ́nà Ìsarà ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Bàbá mi, awakọ̀ tó ń kó obì gbàǹja láti Ṣàgámù lọ sí òkè Ọya, lè lọ kí oṣù méjì kọjá kí a tó gbúròó rẹ̀. Èmi àti ìyá mi nìkan là ń gbé abà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ó di àsìkò àwọn olè obì, ìyá mi á bọ́ sí ẹ̀yìn abà, á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, á sì mú ohùn bàbá mi jáde láti inú ọ̀fun ara rẹ̀: "Hóóò! Ẹsẹ̀ ta ni mò ń gbọ́ lábẹ́ obì yẹn?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo sáré jáde láti lọ dì mọ́ bàbá mi. Ìyá mi nìkan ni mo bá. Ó ní, "Padà sídìí oúnjẹ rẹ, bàbá rẹ kò tíì dé." Mo padà. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ohùn náà bá ti dún, ẹsẹ̀ mi á gbéra kí ọgbọ́n mi tó dá a dúró. Èmi ọmọbìnrin yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ẹni tó bá mọ bí oko obì ti ń dákẹ́, tí òjò á dá tán kí omi tó kán láti orí ewé délẹ̀, yóò mọ irú ìdánìkanwà tí mò ń sọ.

Ní yunifásítì ni mo ti pàdé ẹyẹ kan nínú ìwé, nítorí ilẹ̀ Ọsirélíà ni igbó rẹ̀ wà. Ó tóbi tó àkùkọ, ó sì ń tan ilẹ̀ wá ekòló jẹ bí adìẹ. Ìrù akọ rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi fi dùùrù, ohun èlò orin olókùn, sọ ọ́ lórúkọ. Ẹyẹ onídùùrù ni mo ń pè é láti ìgbà náà. Akọ á ha ilẹ̀ jọ di òkìtì kékeré, á gun orí rẹ̀, á da ìyẹ́ ìrù borí, á máa jó, á sì máa sín ohùn àwọn ẹyẹ mìíràn jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé ẹyẹ tó ni ohùn lè rò pé ẹlẹgbẹ́ òun ló ń pè. Abo ńkọ́? Òun nìkan ló ń kọ́ ìtẹ́ onórùlé, òun nìkan ló ń sàba lé ẹyin kan ṣoṣo tó yé, òun nìkan ló ń bọ́ ọmọ náà títí yóò fi gbọ́n. Síbẹ̀ ìwé tí wọ́n fún wa kà sọ, láìtijú, pé akọ ló ń kọrin. Inú bí mi sí ìwé náà. Mo wá ìwé mìíràn kiri títí mo fi rí òótọ́: abo náà ń kọrin, ó ń sín ohùn jẹ, bí ewu bá sì súnmọ́ ìtẹ́ rẹ̀, ó lè ké bí àwòdì kí ọ̀tá lè sá. Ó ti ń ké látayébáyé. Àwọn tó gbọ́ ọ ló fi orin rẹ̀ ta akọ lọ́rẹ láì gbójú sókè wo ẹ̀ka igi. Mo ka ojú ìwé yẹn tán, mo sunkún, nítorí ìyá mi ni mo rí níbẹ̀.

Ọdún tí mo kẹ́kọ̀ọ́ jáde ni bàbá mi kú sójú ọ̀nà òkè Ọya. Kò pẹ́ tí a sin ín tí ẹbí fi pèpàdé ní Ìsarà, nítorí àwọn kan ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ilé ìkẹ́rù sí. Ilẹ̀ ẹbí ni. Àdéhùn wọn sì ni pé a kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àbúrò bàbá mi, tó fẹ́ tà á, dìde, ó ní òun ni òun ń ṣọ́ oko láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun ti ń wakọ̀. Ó pe bàbá arúgbó kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà láti jẹ́rìí. Bàbá náà, tí kì í purọ́, ní lóòótọ́, ohùn ọkùnrin ni òun ń gbọ́ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Báyìí ni ọgbọ́n tí ìyá mi fi dáàbò bo oko ṣe di ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fò dìde. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: dípò kí n sọ̀rọ̀ ìyá mi, ilẹ̀ Ọsirélíà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé òkìtì, mo ṣàlàyé ìrù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé orí ẹyin ni ìyàwó ilé kan béèrè pé, "Ẹyẹ náà, ṣé ó ń jẹ obì ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi ní, "Jókòó, ọmọ yunifásítì. Àgbébọ̀ adìẹ tó bá kọ, ọ̀bẹ ló ń pè." Kò sí ẹni tí kò mọ àṣà náà nínú wa: àgbébọ̀ tó bá kọ bí àkùkọ, pípa ni wọ́n ń pa á. Mo jókòó.

Ìyá mi ló wá dìde. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì kọjú sí ẹni tó fẹ́ gba oko rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe olè bí ẹ ṣe máa ń pè é." Ọkùnrin náà wúkọ́. Ó ní, "Hóò," ohùn rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Bàbá ẹlẹ́rìí mirí. Ìyá mi bá fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Hóóò! Ẹsẹ̀ ta ni mò ń gbọ́ lábẹ́ obì yẹn?"

Àwọn àgbà ẹbí yíjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé òkú ń wọlé. Èmi tí mo mọ̀, èmi tí mo kàwé, ẹsẹ̀ tèmi náà gbéra.

"Ohùn náà nìyẹn!" Bàbá ẹlẹ́rìí ti dìde. "Ohùn náà gan-an nìyẹn!"

Olórí ẹbí kọjú sí ìyá mi. "Ìyàwó, ta ló kọ́ ọ?"

"Ọmọ yín ni, bàbá. Òun ló kọ́ mi kó tó wọkọ̀ lọ."

"Fi ọ̀bẹ rẹ sápò," ni olórí ẹbí sọ fún àbúrò bàbá mi. "Ẹnikẹ́ni kò ní ta oko náà."

Ìyá mi náà ti kú báyìí. Mo ń kọ́ni ní Ìkẹ́nnẹ́, mo ń kọ̀wé bá àwọn tó ń fi orin abo ta akọ lọ́rẹ jà, bí ọjọ́ Sátidé bá sì dé, ọ̀kadà á gbé mi lọ sí oko. Ilé ìkẹ́rù ti yí i ká. Ògiri gíga ló wà níbi tí oko bàbá ẹlẹ́rìí wà nígbà kan. Ọmọ ẹyẹ onídùùrù a máa kọ́ orin lẹ́nu àwọn àgbà, ibi tí àgbà bá sì ti ń tán, orin á máa dín kù. Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, tí mo sì pè. N kò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Ohùn bàbá mi ló jáde, bí ìyá mi ti ṣe ń pè é.

Láti ẹ̀yìn ògiri, ọlọ́dẹ tí kò rí mi rí dáhùn: "Bàbá olóko, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tún irú àṣìṣe yẹn ṣe nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn. Mo la ẹnu láti tún tirẹ̀ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè ilé.

"Wọ́n wà o," ni mo fi ohùn bàbá mi dá a lóhùn. "Gbogbo wọn ló wà."