Omi Àdúrà fún Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Mu Omi

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí epo ọkọ̀ di ohun àwátì, ni kíndìnrín ọkọ mi kọṣẹ́. Àgbẹ̀ kòkó ni, ní Odigbo. Ìbàdàn ni mo ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Oríṣi ìtọ́jú mìíràn wà tí wọ́n ti ń da omi oògùn sínú ikùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní omi náà kò wọlé láti òkè òkun mọ́. Ọkọ mi kò tọ̀ mọ́. Gbogbo omi tó bá mu, inú ara rẹ̀ ló ń dúró sí. Ife kékeré kan ni dókítà gbà á láyè lóòjọ́.

Lọ́jọ́ kan, a jókòó sí gáréèjì Ore títí, kò sí ọkọ̀ tó ní epo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, mímí ń nira fún un, síbẹ̀ òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ Aládùúrà, gbé ìgò omi àdúrà dé.

"Mu ún tán, ọmọ mi."

Ọkọ mi nawọ́. Ó ti rẹ̀ mí kọjá iyàn jíjà. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi yìí lè pa á. Ẹ kàn fi ra á lára."

Ìyá ṣí ìgò náà. Wọ́n wá bu omi náà sọ́wọ́, wọ́n fi nu ojú ọmọ wọn, wọ́n fi ìka tó tutù kan ètè rẹ̀, wọ́n sì fi ìyókù fọ ẹsẹ̀ tó wú náà.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé wa nírọ̀lẹ́. Ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ fa omi kúrò lára rẹ̀, ó sùn, èmi náà sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó jí, ó ní òùngbẹ ṣì ń gbẹ òun.