Àga Kalilombe

Orúnkún Kalilombe ti ń fìyà jẹ ẹ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe dókítà o. Ọdún mẹ́ta péré ló fi kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn ìjọba létí adágún Malawi. Gbogbo dókítà tí wọ́n bá gbé wá síbẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú. Bí ọwọ́ wọn bá ti dá ṣáṣá tán, wọn a gba ìlú ńlá lọ.

Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan, Zione, ló kàn. Ọwọ́ ọmọ náà fúyẹ́ débi pé Kalilombe gbé àga kékeré kan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí Zione bá ń ṣiṣẹ́, òun a jókòó, a máa wò ó. Ìsinmi tó ní láyé kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹ nsima, òkèlè àgbàdo wọn, Zione gbé ìwé méjì kalẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ abẹ dé òpin, ọ̀nà méjì ló sì wà.

"Bàbá, yunifásítì ò béèrè ẹni tó kọ́ mi. Ìdánwò ni, àti ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún lèèyàn gbọ́dọ̀ ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Mẹ́ta ni tèmi."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́ abẹ ńkọ́?"

"Àwọn ò ka ọdún. Iṣẹ́ abẹ méjìlá ni wọ́n ń béèrè, kí ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ fojú ara rẹ̀ rí i, kó sì fọwọ́ sí i. Mo ti ṣe igba, ẹ̀yin nìkan lẹ sì rí i. Wọn ò ka tiyín sí."

"Àwọn aláìsàn kà á sí."

"Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ tó máa ń ti ìlú ńlá wá, Dókítà Mwafulirwa, ní òun á fọwọ́ sí i láìwò. Mi ò lè parọ́, Bàbá. Màá dúró de yunifásítì."

Ọdún méjì! Kalilombe bu òkèlè. Ọdún méjì sí i tí òun á fi máa jókòó lórí àga. Kó ṣáà ti dákẹ́ ni, kò sì ní ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ká má purọ́, ó sì fẹ́ dákẹ́ ní tòótọ́.

"Ìgbà wo ni Mwafulirwa tún ń bọ̀?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ méjì péré ló máa lò níbí."

"Méjìlá láàárín ọjọ́ méjì. Jẹun, ọmọ yìí, nsima ti ń tutù."

Ọjọ́ márùn-ún ni Kalilombe fi ń wá àwọn tí ìpá ń yọ lẹ́nu kiri lórí fóònù. Apẹja kan ní ojú ń ti òun.

"Ojú wo ló ń tì ẹ́? Ṣé sòkòtò ẹ ò ti ròyìn fún gbogbo abúlé?"

Wọ́n wá. Ẹlòmíì gun kẹ̀kẹ́ wá, ó fẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Zione bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, Mwafulirwa kówọ́ sẹ́yìn, ó ń wò. Nígbà tó di ẹ̀kẹsàn-án, ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń kọ̀wé. Kí ló dé tó jẹ́ òsì lo fi ń so okùn?"

"Bí Bàbá ṣe kọ́ mi nìyẹn, sà. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n."

Mwafulirwa wo arúgbó tó jókòó sórí àga, ó pẹ́ kó tó mójú kúrò. Ó fọwọ́ sí méjìlá náà. Kò sí ibi tí wọ́n lè kọ orúkọ Kalilombe sí nínú ìwé ọ̀hún.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì gba Zione. Ó kúnlẹ̀ dágbére, ó sunkún, Kalilombe ní kó dìde kí ọkọ̀ má fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹni mẹ́rin ló ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, mo ti gbé àga yín síbẹ̀."

"Gbé e síta. Ta ló máa ṣiṣẹ́ tí mo bá jókòó?"

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dúró ti ibùsùn, ó fara lé ẹsẹ̀ tí kò dùn ún.