Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Cornelius Ọ̀jẹ̀túndé ni tíṣà ìjọ Àgùdà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì ní búréèkì. Ẹsẹ̀ ló fi ń dá a dúró. Láti Ṣakí dé Àgọ́-Àrẹ, bí wọ́n bá ti rí eruku pupa tí bàtà rẹ̀ ń tú sókè, wọ́n mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Á kọ́ wọn ní àdúrà, á kọ́ wọn ní ìwé, á bá wọn jẹun, á tún gba abúlé mìíràn lọ.

Ní ọdún 1978, ó kọ́ àwọn ìyàwó tí àwọn ọmọ bàbá Jẹ́ẹ́dé fẹ́, ní abúlé kan lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ. Fada, òyìnbó tó gbọ́ Yorùbá, fẹ́ dán wọn wò kí ó tó ṣe ìrìbọmi fún wọn. Ó ti sọ fún Cornelius pé bí wọn kò bá mọ ìdáhùn, Ìgànná ni òun yóò gbé e lọ ṣiṣẹ́. Cornelius kò fẹ́ lọ. Ẹ̀rín àwọn obìnrin yẹn ti mọ́ ọn lára.

Ọjọ́ pé. Fada bi Àpọ́nlé, ìyàwó àgbà, pé, “Ta ni ọkọ Màríà Mímọ́?”

Àpọ́nlé wolẹ̀. “Bàbá wa ni.”

“Bàbá yín wo?”

Àsíátù, ìyàwó kékeré, fi ẹnu júwe bàbá Jẹ́ẹ́dé tó jókòó lórí àpótí. “Bíi tiwọn yẹn náà ni.”

Fada yíjú sí Cornelius. “Ṣé ohun tí o kọ́ wọn nìyí?”

“Fada, ẹ má bínú,” ni bàbá Jẹ́ẹ́dé wí. “N ò mọ obìnrin náà rí.”

Ìgbà náà ló yé Cornelius. Bàbá yìí ló kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi nínú ilé, orúkọ Jósẹ́fù ló sì mú. Ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ lórúkọ. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ wọn, Cornelius nìkan ló ń dá orúkọ náà pè. Wọ́n kàn ń mi orí ni.

Ó ṣàlàyé. Fada ní kí wọ́n ṣáà pè é lẹ́ẹ̀kan.

“Níṣojú àwọn ọmọ?” ni Àpọ́nlé wí. “Fada, ẹ máa gbé omi yín padà.”

Cornelius rántí Ìgànná. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyàwó, nígbà tí ẹ wọlé ọkọ, ṣebí ẹ fún gbogbo ọmọ ilé lórúkọ tí ẹ̀ ń pè wọ́n. Ẹ fún ọkọ Màríà náà ní ọ̀kan.”

Wọ́n wo ara wọn.

“Agbẹ́gi-má-ṣàròyé,” ni Àsíátù wí.

“Rárá o. Agbọ́mọ-sá-fọ́ba,” ni Àpọ́nlé wí.

Fada ní kí ló fà á. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn: àlá tó lá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, Íjíbítì, ọba tó ń pa ọmọ. Àsíátù ń fi ara ṣe bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe ń rìn. Fada rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Gbogbo wọn ló ṣe ìrìbọmi fún.

Cornelius ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè àkọ́kọ́ ni Yẹ̀kínì aláṣọ gun alùpùpù dé.

“Tíṣà, ẹ kú oríire. Bàbá Ládòkun ní abúlé kejì ti gbọ́. Àwọn náà fẹ́ ṣe ìrìbọmi, àti gbogbo ilé wọn. Wọ́n ní Pétérù làwọn máa jẹ́.”

“Ṣé ìyàwó pọ̀ nílé wọn?”

“Ilé wo ló tún ní ìyàwó tó tiwọn?”

“Ṣé wọ́n ti sọ orúkọ náà fún àwọn ìyàwó?”

“Wọ́n ní ó di ìdí oúnjẹ ọ̀sán kí àwọn tó sọ ọ́.”

Cornelius wo oòrùn. Ó dá òkèlè padà sínú àwo, ó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ.