Kẹ̀kẹ́ Inú Yàrá

Lánàá, òórùn gírísì gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní Ṣakí. Bàbá mi ń fi gírísì pa ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Káńsù ń gbẹ́sẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ tí kò ní láísíńsì. Rábì ọ̀rẹ́ mi, tó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bàbá tirẹ̀, kígbe sí mi bí wọ́n ti ń kọjá:

"Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni kẹ̀kẹ́ tiyín, kì í jáde!"

Ìlara fẹ́ẹ̀ pa mí.

"Bàbá, ẹ lọ gba láísíńsì."

"Kẹ̀kẹ́ tí mo fowó tábà mi rà?" Ó yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá Rábì!"

Ìyẹn tẹ aago, kò wẹ̀yìn.

Àgbà ni mo dà kí n tó gbọ́ pé bàbá Rábì ló kọ́kọ́ búra ní mọ́ṣáláṣí pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ò ní gba láísíńsì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún irú bàbá tó fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá Rábì ni mo fẹ́.