Ọmọ Tí Kò Ní Àpá

Ilé kan wà ní Èrúwà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí ìjọba bá gbà lọ́wọ́ òbí tó ń fìyà jẹ wọ́n sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá láti Ìdèrè, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀bẹ gbígbóná jó o lẹ́yìn ọwọ́ nítorí ẹran inú ìkòkò. Ìbejì ni. Wọ́n fi èkejì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, nítorí kò ní àpá kankan lára.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọ máa ń fi bèbí bá a ṣeré. Mo máa ń jókòó tì wọ́n, nítorí ọmọ náà kì í jọ̀wọ́ etí ìró mi. Lọ́jọ́ kan, ó mú bèbí méjì, ó fi ọwọ́ ọ̀kan tẹ ọwọ́ ìkejì mọ́lẹ̀.

"Ta nìyí?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Èkejì mi ni. Bàbá wa ní kó dì mí mú. Ó ń sunkún, àmọ́ kò fi mí sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé òfin kò gbà kí ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ ní yàrá yẹn jáde síta, àfi tí ewu bá ń bẹ fún ọmọ, tàbí tí adájọ́ bá bèèrè.

Nígbà tí ìdílé bàbá rẹ̀ lọ sí kóòtù láti gba ọmọ náà padà, wọ́n ti ilẹ̀kùn kí àjèjì má bàa gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà dọ̀bálẹ̀.

"Olúwa mi, a kì í ya ìbejì. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ wa lọ bá èkejì rẹ̀ nílé."

Adájọ́ ń mi orí bí ẹni tó ti gbà. Nọ́ọ̀sì dìde, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ í sọ, ó sì sọ ohun tí ọmọ náà fi bèbí ṣe.

"Ọ̀rọ̀ bèbí!" agbẹjọ́rò bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé bèbí náà ló máa wá búra fún wa?"

Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, àpá wo ló wà lára èkejì?"

"Kò sí lára, Olúwa mi. Inú ló wà."

Adájọ́ wo bàbá ọmọ náà títí tí ìyẹn fi sorí kodò. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. A kì í ya ìbejì. Ẹ lọ mú èkejì wá."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e dé. Mo na ọwọ́ láti gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, èkejì rẹ̀ sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi. Ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ní kí n dì í mú o."