Agnes Akínsànyà, Ìyá Oníyán

Ọjọ́ tí olóògbé Agnes Akínsànyà jókòó lé àpò ìrẹsì ni gbogbo àdúgbò Alágbàká mọ̀ ọ́n. Ní 1984 ni, nígbà tí ìlú le koko, òun sì ni olórí alásè ní ilé àlejò ìjọba kan l'Ákùúrẹ́. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Johnson, ní àlejò ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ó wá àpò ìrẹsì kan jáde níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e kaná. Agnes wo ara àpò náà, ó rí i pé wọ́n kọ orúkọ Amẹ́ríkà sí i gàdàgbà, ló bá fi ìdí lé e.

"Ọ̀gá," ó ní, "ilé wọn loúnjẹ yìí ti wá. Ṣé kí wọ́n wá rò pé àwa ò níyàá ni?"

Ọ̀gá bẹ̀bẹ̀, ó tún halẹ̀, Agnes ò dìde. Orí àpò yẹn ló ti ń pàṣẹ fún àwọn tó ń gúnyán. Ìgbà tí mọ́tò àlejò fi máa wọlé, iyán funfun báláú ti wà lórí tábìlì, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àlejò jẹ ẹ́ títí wọ́n fi ń lá ọwọ́. Ni Ọ̀gbẹ́ni Johnson bá dìde, ó ní òun fúnra òun lòun yan iyán, nítorí iyán la fi ń dá ọmọ ilẹ̀ yìí mọ̀. Agnes gbé ọmọ odó wá bá a, ó ní àwọn àlejò ń fẹ́ àfikún.

Bó ṣe rí nílé wọn l'Óǹdó náà nìyẹn. Àbúrò rẹ̀, Ọlọ́runníyì, ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó ní fọ́ọ̀kì lòun fi ń jẹun. Agnes fún un ní fọ́ọ̀kì láìjiyàn. Àmọ́ ó ti gún iyán náà débi tó ń fà bíi rọ́bà. Ọlọ́runníyì ti fọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́, gbogbo òkìtì iyán bá a gbéra kúrò nínú àwo. Agnes rọra bi í bóyá kí òun bá a di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé ti àpò ìrẹsì yẹn, iṣu wọ́n. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ làwọn aládùúgbò ń gbọ́ odó Agnes nílé rẹ̀ l'Ọ́bà-Ilé, wọ́n a ní obìnrin yìí ò ní í jẹ ohun mìíràn títí yóò fi kú. Inú rẹ̀ a dùn tó bá gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ Monílọ́lá yọ sí i lẹ́yìnkùlé, ó bojú wo inú odó. Kókò ló bá níbẹ̀. Ó béèrè ibi tí iṣu tí wọ́n kó wá láti Òǹdó wà.

Agnes ní Sherifat tó ń gbé ilé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sì sóhun tó ń dá agbára padà fún abiyamọ bí iyán.

"Má sọ fẹ́nikẹ́ni pé mò ń jẹ kókò," ó ní. "Ojú á tì mí."

Monílọ́lá pa á mọ́ títí wọ́n fi sin ìyá rẹ̀ l'Óǹdó. Lẹ́yìn ìsìn, bí àwọn èèyàn ṣe ń rántí ìṣe rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́. Sherifat, tó jókòó láàárín wọn, ní odidi oṣù mẹ́ta lòun fi jẹ iyán náà.

"Mo máa ń bi wọ́n bóyá àwọn náà ti jẹun," ó ní. "Wọ́n á ní, ṣé n ò gbọ́ odó àwọn ni?"