Wọ́n Da Ìlú Ẹnu-Ọ̀sà Sínú Garawa Panápaná

Ohun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1991: ife ògì kan tí wọn ò mu dé ìdajì. Awò ojú lórí Bíbélì. Ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta lábẹ́ aṣọ ìbora, Àǹtí Mabel nílẹ̀, tí wọ́n di ẹsẹ̀ bàbá wọn mú bí ẹni pé ó ṣì lè gbóná. Lára ògiri, pẹpẹ onípákó kan tó ṣófo.

Bàbá Theophilus Àkàngbé ti kú. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, yàrá wọn kọjú sí tiwa.

Ta ló mọ̀ wọ́n? Ní ọdún 1926, Bàbá ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń ju òjé níwájú ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀fín tó ń wá kó ekùrọ́ ní Ẹnu-Ọ̀sà, ìlú kékeré kan létí òkun tó jìnnà sí gbogbo ènìyàn. Láyé bàbá tiwọn, ọkọ̀ ńlá kì í wọlé rárá. Òkèèrè ni wọ́n ń dúró sí, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ọlọ́pọ́n ń la ìgbì lọ bá wọn, tí àwọn kan kì í padà. Òjé, irin wúwo tí wọ́n fi ń wọn jíjìn omi, ló yí i padà. Wọ́n á fi ọ̀rá màálù kun ìdí òjé, wọ́n á fi okùn jù ú sómi. Okùn á sọ bí omi ṣe jìn tó, ọ̀rá á gbé iyanrìn ìsàlẹ̀ wá. Bàbá á gbóòórùn iyanrìn náà, wọ́n á fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Dúdú tó ń rùn bí ewé jíjẹrà: ẹ máa bọ̀. Pupa tó ní èèpo ìṣáwùrú: ẹ dúró, òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ omi níwájú.

"Bàbá, kì í rí yín lára ni?" Mo bi wọ́n rí.

"Motúnráyọ̀, iyọ̀ ọ̀fẹ́ ni. Ìyá ẹ ń ra tiwọn lọ́jà."

Òkun ti gbé Ẹnu-Ọ̀sà lọ báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì, èbúté, ibojì ìyá Bàbá, gbogbo rẹ̀ ti di omi. Ohun tó kù láyé nínú ìlú náà ni iyanrìn tí Bàbá kó pamọ́ sínú ìgò oògùn mọ́kànlélógójì, lórí pẹpẹ onípákó yẹn. Nígbà tí ojú Bàbá di bàìbàì, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á sọ ibi tó ti wá, èmi á kọ nọ́ńbà sára ìgò. Nọ́ńbà kìn-ín-ní ni ti èbúté, nídìí ilé wọn.

"Èyí ni kí o dà lé mi lórí nínú sàréè," ni wọ́n sọ fún Àǹtí Mabel. "Má jẹ́ kí wọ́n fi erùpẹ̀ Èkó nìkan bò mí."

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọ́fíìsì kan tó ń tọ́jú ohun ìtàn, lápá Iganmu, wá kó àwọn ìgò náà. Wọ́n ní àwọn máa tò wọ́n sínú gíláàsì kí ará ìlú lè máa wò wọ́n. Wọ́n fún Bàbá ní lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀. Bàbá wọ táì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Bàbá padà lọ wò wọ́n. Ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó.

Láàárọ̀ yẹn, èmi àti Àǹtí Mabel lọ gba ìgò kan ṣoṣo.

"Ẹ̀yin lẹ ni iyanrìn yẹn?" Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù, tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù, ló bi wá. "Àwọn panápaná ń bọ̀ wá yẹ ilé wò, garawa iyanrìn tí wọ́n fi ń paná sì ṣófo. Ọ̀gá ní ká wá iyanrìn, la bá da tiyín sí i."

"Ìgò ńkọ́?"

"A fọ̀ wọ́n. Àwọn àǹtí tó ń tẹ táípù fi rọ kẹrosíìnì lọ sílé."

Àǹtí Mabel wo garawa pupa mẹ́ta, ìdí sìgá nínú wọn. "Nọ́ńbà kìn-ín-ní ni mo fẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, iyanrìn ni gbogbo ẹ̀. Kì í bàjẹ́. Ẹ bu púpọ̀ pàápàá."

Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó tún lọ wá náílọ́ọ̀nù tí a ó bu ú sí fún wa. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní ibùdókọ̀, Àǹtí Mabel fi ìka bu díẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu.

"Iyọ̀ nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀," ni wọ́n wí.

Ahọ́n kan ṣoṣo tó lè yà á sọ́tọ̀ ti dákẹ́ nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lórí ìtàn, kí lẹ wá ń tọ́jú gan-an? Iná wo ló jó? Ẹ gba odidi ìlú lọ́wọ́ arúgbó, ẹ fún un ní ìwé, ẹ wá fi ìlú náà dí garawa nítorí kí àlejò má bàa bá a lófìfo. Ohun tí òkun ò rí gbé, ẹ̀yin lẹ bá a gbé e.

Aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì la ó sin Bàbá. Mo fẹ́ orúkọ ọ̀gá tó pàṣẹ yẹn, nínú ìwé, kí gbogbo ènìyàn kà á. Kí òun fúnra rẹ̀ wá dúró létí sàréè, kì í ṣe akọ̀wé rẹ̀, kí ó wo ojú Àǹtí Mabel, kí ó sọ ohun tí wọ́n máa dà lé bàbá wọn lórí.

Láti ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn ni mo ti ń ṣa ìdí sìgá kúrò nínú iyanrìn náà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó dùbúlẹ̀.